Ẹni Tó Ń Wo Tẹlifíṣàn fún Bàbá

“Ó ti dáa?”

Ohùn Bánjọ ló ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé. Ìbíjọkẹ́ kúnlẹ̀ níwájú tẹlifíṣàn, ó sún ojú mọ́ ọn, ṣùgbọ́n gíláàsì náà ń ta wìnnìwìnnì ni, kò rí ju òjìji orí ènìyàn méjì tó ń lọ tó ń bọ̀.

“Kò tíì dáa! Yí i sí apá òkè díẹ̀ sí i!”

Ọparun ké kẹ̀ẹ̀ lẹ́yìn ilé. Wìnnìwìnnì náà fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ojú ọmọbìnrin kan sì yọ síta.

“Ó ti dáa! Má yí i mọ́ o!”

“Bí mo bá fi ọwọ́ sílẹ̀, á tún padà ni,” Bánjọ dáhùn. “Ẹ máa wò ó lọ. Mo dì í mú.”

Bàbá Tíṣà tó fẹ̀yìn ti àga rẹ̀ ṣe họ̀ọ̀. “Ó fẹ́ di ọparun mú títí ètò á fi parí? Apá ẹ̀ á já.”

“Ìdajì wákàtí péré ni, sà,” ni Ìbíjọkẹ́ wí. Ó fa àpótí ìjókòó rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Bàbá, ó sì jókòó.

Ẹni tí kò bá gbé Òkè-Ìmẹ̀sí rí kò ní mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ wo tẹlifíṣàn níbẹ̀, àfi kó kọ́kọ́ bẹ òkè. Àkúrẹ́ ni àwòrán ti ń bọ̀, òkè sì yí ìlú ká bí ọgbà. Láyé ìgbà tí Èkìtì ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó yẹn, ọparun ni ẹ ó fi dá ilé tó ní tẹlifíṣàn mọ̀, ọparun gbọọrọ tó ga ju òrùlé lọ, tí ẹ́ríàlì jókòó sórí rẹ̀ téńté. Ìjì Ọjọ́bọ̀ ló ṣẹ́ igi tó ti ọparun Bàbá Tíṣà. Bánjọ, tó ń tún rédíò àti tẹlifíṣàn ṣe lẹ́bàá ọjà, ló wá wò ó lọ́sàn-án Sátidé yìí. Kò rí igi mìíràn tó le tó. Ló bá fi apá ara rẹ̀ dípò igi.

Bẹ́ẹ̀ ẹni tó ni tẹlifíṣàn gan-an kò rí i. Ẹ ò rí ayé bí! Ilésanmí ni orúkọ Bàbá Tíṣà. Ó ṣe ọ̀gá ilé ìwé títí ó fi fẹ̀yìn tì wálé, ojú tó sì fi máa ń rí ọmọ tó ń jẹ ẹ̀pà ní ẹ̀yìn kíláàsì ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í bò díẹ̀díẹ̀. Ó di ọdún kẹrin báyìí tó ti ṣókùnkùn pátápátá. Òyìnbó tí wọ́n ń sọ nínú tẹlifíṣàn kò ṣòro fún un, ó gbọ́ ọ ju gbogbo àdúgbò lọ. Àwòrán ni kò ní. Ìbíjọkẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyàwó rẹ̀ bí fún un kó tó kú, ló wá ń wo àwòrán fún un. “Ọkùnrin kan wọlé, sà. Ó wọ kóòtù. Ó ń wo ẹ̀yìn bí olè.” Bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ìròyìn nìyẹn, bí wọ́n ṣe ń wo bọ́ọ̀lù nìyẹn.

“Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà,” Bàbá máa ń sọ fún àlejò. “Ojú tèmi ti kó lọ sọ́dọ̀ Ìbíjọkẹ́.” Àlejò á rẹ́rìn-ín, Ìbíjọkẹ́ náà á bá wọn rẹ́rìn-ín.

Lónìí, ẹ̀rín jìnnà sí i. Bánjọ ti rí iṣẹ́ sí Kàdúná, ọjọ́ Ajé ni yóò wọ mọ́tò. Lánàá ló dúró dè é lẹ́nu géètì ilé ìwé tí Ìbíjọkẹ́ ti ń kọ́ àwọn ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀, kò sì fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

“Bí o bá ní bẹ́ẹ̀ ni, bàbá mi àti àwọn ará Ìkirun tí a jọ ń gbé níbí á wá rí bàbá rẹ lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Bí o bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, n kò ní yọ ọ́ lẹ́nu mọ́ láé. Àmọ́ má ṣe ní kí n dúró, Ìbíjọkẹ́. Mo ti dúró fún ọdún méjì. Sátidé ni mo máa wá tún ọparun yín ṣe. Kí n tó kúrò níbẹ̀, jẹ́ kí n gbọ́ èyí tí o bá mú.”

Ìbíjọkẹ́ fẹ́ràn rẹ̀. Kí a má purọ́, ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bó bá gbọ́ ohùn rẹ̀ lójú títì, ṣọ́ọ̀kì tó ń fi kọ̀wé sára pátákó á dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti ro Kàdúná báyìí, Bàbá ló ń rí, Bàbá tó ń na ọwọ́ wá kẹ́tùlù tí ọwọ́ sì ń bọ́ sínú iná. Ta ni yóò ka ìwé ìròyìn fún un? Ta ni yóò sọ fún un pé ògiri ló kọjú sí yìí, pé ẹnu ọ̀nà wà lápá ọ̀tún? Àǹtí Felicia, àbúrò Bàbá tó ń gbé Ìpótì, ti wá lẹ́ẹ̀mejì pé òun fẹ́ kó ẹrù òun wá láti máa tọ́jú ẹ̀gbọ́n òun. Ìbíjọkẹ́ ló dá a padà láti ìta, kò sì jẹ́ kí Bàbá gbọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ Bánjọ náà, kò jẹ́ kó gbọ́ ọ. Nígbà tí ilẹ̀ fi mọ́ lónìí, ó ti pinnu. Bí Bánjọ bá ti kúrò nídìí ọparun yẹn, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni yóò sọ fún un, kí ó lè lọ ní àlàáfíà.

Orin ìbẹ̀rẹ̀ dún. Kàtúùnù tuntun ni, àwọn ará Jàpáànù ló ṣe é, àwọn òyìnbó ló fi ohùn sí i.

“Ó yá,” ni Bàbá wí. “Kí lo rí?”

“Ààfin ni, sà. Orí òkè ló wà, ìkùukùu yí i ká. Ọmọbìnrin kan jókòó lójú fèrèsé. Háà! Bàbá, ojú ẹ̀ tóbi o. Ojú nìkan gba ìdajì orí ẹ̀.”

“Wọ́n ṣì í yà ni?”

“Rárá, gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀. Ẹnu wọn kò sì tó ihò abẹ́rẹ́.”

“Wọn ò lè jẹ iyán nìyẹn.” Bàbá fetí sílẹ̀ díẹ̀, ó mi orí. “Ọmọ ọba yẹn, kì í ṣe ọmọdé ló ń sọ̀rọ̀ fún un. Àgbàlagbà obìnrin ló há ọ̀fun mọ́lẹ̀ tó ń ṣe bí ọmọdé. Kò sí bí mo ṣe máa gbọ́ ohùn yẹn láàárín ogún ènìyàn tí n kò ní dá a mọ̀.”

Ìbíjọkẹ́ kọ́kọ́ rò pé eré ọmọdé lásán ni. Kí ni àgbà méjì ń wá nídìí kàtúùnù, nígbà tí aṣọ ṣì wà lórí okùn, tí ọ̀rọ̀ tó ń dúró dè é sì wà lẹ́yìn ilé? Àmọ́ ewé kan já bọ́ lójú fèrèsé ọmọ ọba náà. Àwọn tó yà á fi sùúrù yà á. Wọ́n jẹ́ kí ewé náà yí lẹ́ẹ̀mejì, kó rọra dúró nínú afẹ́fẹ́, kó tó wá balẹ̀, ọmọ ọba sì ń fi ojú tẹ̀ lé e lọ. Ìbíjọkẹ́ kò mọ ìgbà tí òun náà tẹ orí síwájú.

Ìtàn náà kò le. Ìyá ọmọ ọba kú lọ́jọ́ tó bí i. Àjẹ́ kan sọ fún ọba pé lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ ọmọ náà bá kan iyẹ̀pẹ̀, ọba á pàdánù rẹ̀. Ọba bá tẹ́ aṣọ sí gbogbo ilẹ̀ ààfin, láti yàrá dé àgbàlá. Nígbà tí ọmọ fi pé ọdún mẹ́tàdínlógún, kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ rí. Ọjọ́ kan ni ọ̀dọ́kùnrin kan já láti ojú ọ̀run bọ́ sínú àgbàlá, ìyẹ́ kan wà léjìká rẹ̀, ìyẹ́ náà sì ti ṣẹ́. Ọmọ ọba gbé e pamọ́. Bó ṣe ń fi aṣọ wé ìyẹ́ náà ni ọkùnrin yẹn ń sọ ohun tó wà nísàlẹ̀ òkè fún un, odò, ọjà, ẹrọ̀fọ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ènìyàn.

“Kí ni ẹrọ̀fọ̀?” ni ọmọ ọba bi í.

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Bàbá. “Odidi ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún,” ni ó wí jẹ́jẹ́.

“Ọba yẹn burú, sà.”

“Kò burú. Ẹ̀rù ló ń bà á. Báwo ni ojú rẹ̀ ṣe rí?”

“Ó ti darúgbó. Ó sùn sórí àga lẹ́nu ọ̀nà yàrá ọmọ ẹ̀, ó ń ṣọ́ ọ.”

“Ṣé ó ṣì dáa?” Bánjọ pariwo láti ẹ̀yìn.

“Ó dáa!” Ìbíjọkẹ́ kò yíjú kúrò lára gíláàsì. Ọmọ ọba ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkùnrin náà ni. Yíyà ni wọ́n yà wọ́n o, ẹ̀jẹ̀ ò sí nínú àwọn méjèèjì, síbẹ̀ ọkàn Ìbíjọkẹ́ ń lù kìkì. Ó tijú ara rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn pé kò sí ẹni tó ń wo òun.

Lẹ́yìn náà, gbogbo wọn dákẹ́. Kò sí ọ̀rọ̀ nínú tẹlifíṣàn mọ́, àfi dùùrù kan tó ń dún lọ́ọ́lọ́ọ́. Ọmọ ọba ti dìde. Ó kọjá lára bàbá rẹ̀ tó ń sùn, ó dúró, ó fa ìbora bò ó léjìká. Ó sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Géètì ló ṣí sílẹ̀ yẹn, ọkùnrin náà ń dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ẹṣin kan. Ibi tí aṣọ parí sí, ọmọ ọba wo ilẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀, ó sọ ọ́ kalẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀. Nǹkan kan ò ṣe é.

“Wọ́n ti dákẹ́,” ni Bàbá wí. “Kí ló ń ṣẹlẹ̀?”

Ìbíjọkẹ́ la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀, kò jáde. Bí ẹni pé bó bá sọ ọ́, òun gan-an ni yóò ti dìde tí yóò ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga yìí lọ.

“Ó jókòó, sà. Ó jókòó lójú fèrèsé. Ó ń wo ìta.”

“Ọkùnrin yẹn ńkọ́?”

“Ó ti lọ. Òun nìkan ló lọ.”

 Pátákò ẹṣin ń dún kò-kò-kò nínú tẹlifíṣàn, ó ń jìnnà lọ. Láàárín ìró náà ni ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí lójú fún ìgbà àkọ́kọ́. Ohùn àgbàlagbà obìnrin tó há ọ̀fun mọ́lẹ̀ ni.

Ìbíjọkẹ́ di ojú. Àṣírí irọ́ rẹ̀ ti tú.

“Ta ló ń rẹ́rìn-ín lórí ẹṣin?” ni Bàbá bi í.

Ìbíjọkẹ́ tẹ orí ba.

“Ọmọ náà ti lọ, Ìbíjọkẹ́.” Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀, ìyẹn ló sì dùn ún jù. “Kí ló dé tí o fi dá a padà sójú fèrèsé?”

“Ẹ jọ̀ọ́, sà. Mo rò pé... ẹ má bínú.”

“Mi ò bínú. Mo ti ń retí ọjọ́ tí màá bi ọ́ ni.” Bàbá gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó bá fẹ́ bá ọmọ tó ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ ní ọ́fíìsì rẹ̀ láyé àtijọ́. “Àpótí ìwé mi tó wà ní yàrá. Mo bi ọ́ nígbà Kérésì, o ní àwọn ìwé náà wà dáadáa. Láti oṣù kẹta èṣí ni mo ti fi ọwọ́ kàn án. Òfìfo ni. Ikán ti jẹ wọ́n tán, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo sun ìyókù.”

“Felicia ńkọ́, tó wá lẹ́ẹ̀mejì, tí o lé lọ?”

Ìbíjọkẹ́ gbé orí sókè. “Ta ló sọ fún yín?”

“Felicia ni. A jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì tí ó bá wálé, o gbàgbé? Ojú mi ló fọ́ o, etí mi ò di.” Ó nawọ́ sí ìdí tẹlifíṣàn. “Bátìrì mọ́tò tí a fi ń wo nǹkan yìí, nígbà tí Moses ará ilé kejì ń bá wa gbé e lọ cháàjì, ọjọ́ mẹ́wàá ló ń lò. Láti ìgbà tó ti bọ́ sọ́wọ́ Bánjọ, tó bá ti pé ọjọ́ mẹ́rin báyìí, ẹ ní ó ti kú, Bánjọ á wá gbé e, Bánjọ á wá dá a padà. Ìṣirò ni mo fi ń jẹun láyé mi, Ìbíjọkẹ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.”

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Ìbíjọkẹ́. Ó fi orí kan apá àga náà.

“Mi ò fẹ́ kí ọkàn yín dàrú ni, Bàbá.”

“Mo mọ̀. Ọba yẹn náà ò fẹ́ kí ọkàn ọmọ rẹ̀ dàrú.” Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wọ Bàbá lára, ahọ́n rẹ̀ máa ń padà sí ti Òkè-Ìmẹ̀sí tí wọ́n fi bí i. “Nínú ulé yìí, ìwọ lo tẹ́ aṣọ sílẹ̀ fún mi. Ọdún kẹrin rèé tí ẹsẹ̀ mi ò kan iyẹ̀pẹ̀. Bí nǹkan bá bàjẹ́, wàá ní kò bàjẹ́. Bí ènìyàn bá wá, wàá ní kò sẹ́ni tó wá. Mo ti ń rìn nínú ayé kan tí o ń hun fún mi, ọkàn mi ò sì gbà kí n tú u, torí mo mọ bó ṣe ń rẹ̀ ọ́ tó.”

 Wọ́n ti ń kọrin ìparí.

“Ọmọ ará Ìkirun yẹn, kí ló ń bi ọ́?”

“Ó fẹ́ kí àwọn èèyàn rẹ̀ wá rí yín lọ́la. Ó ń lọ sí Kàdúná, sà.”

“Kí lo fẹ́ dá a lóhùn?”

“Bẹ́ẹ̀ kọ́.”

“Ṣé ohun tí o fẹ́ nìyẹn?”

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan péré ni òtítọ́ máa bá a. Ìbíjọkẹ́ ti ń sọ òwe yẹn fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ pẹ́, kò mọ̀ pé ọjọ́ náà á rí báyìí, pé ìdáhùn á wà lẹ́nu òun, òun kò sì ní lè gbé e mì, òun kò sì ní lè tu ú.

“Mo ti ránṣẹ́ sí Felicia,” ni Bàbá wí. “Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ló máa dé. Ìyẹn ni pé o kò lè fi mí ṣe àwáwí mọ́. Ohun tí o bá máa sọ, jẹ́ kó jẹ́ tìrẹ.”

Gíláàsì tẹlifíṣàn tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta wìnnìwìnnì. “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ti parí?” Bánjọ pariwo láti ẹ̀yìn. “Apá ti fẹ́ kú mọ́ mi lára!”

“Ó ti parí!” Bàbá Tíṣà ló dáhùn, pẹ̀lú ohùn tó fi ń pe àwọn ọmọ sí orí ìlà láyé ọjọ́un. “Fi ọparun sílẹ̀, kí o wọlé wá!”

Ọparun wó lẹ́yìn ilé. Bánjọ wọlé, òógùn bò ó, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti pọ́n, apá rẹ̀ ń gbọ̀n bí ti ẹni tó ti ń gún iyán láti àárọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Dìde,” ni Bàbá wí. “Sún mọ́ ibí. Mo fẹ́ kí o bá mi wo nǹkan kan.”

“Kí ni, sà?”

“Wo ọmọ mi. Kí o sọ fún mi bí ojú rẹ̀ ṣe rí.”

Bánjọ yíjú sí Ìbíjọkẹ́. Ìbíjọkẹ́ mi orí fún un, ó ń fi ojú bẹ̀ ẹ́. Ohun kékeré ni, ìrọ̀rùn ni, kó kàn ní ojú òun rí dáadáa. Bánjọ wò ó pẹ́. Gbogbo ohun tó wá ṣe nínú ilé yìí wà lọ́wọ́ ọkùnrin tó jókòó sórí àga yẹn, ó sì mọ̀ ọ́n.

“Ó ń sunkún, sà.”

“Mi ò gbọ́ ẹkún.”

“Kò jẹ́ kó dún ni, sà. Ó fi eyín di ètè mú. Omi ojú ẹ̀ ti dé ọrùn aṣọ.”

Ọwọ́ Bàbá Tíṣà dìde kúrò lórí orúnkún. Ó ń wá nǹkan nínú afẹ́fẹ́, ó kan irun Ìbíjọkẹ́, ó sọ̀kalẹ̀ sí iwájú orí, ó dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó dúró níbẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà tutù rinrin.  Ọdún mẹ́rin gbáko ló ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ yìí, tó ń gbọ́ ìròyìn, tó ń gbọ́ bọ́ọ̀lù, tó ń fi etí rẹ̀ yangàn.

“Ó ti tó ìgbà wo,” ni ó bèèrè, “tí o ti ń sunkún báyìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi?”

Ìbíjọkẹ́ fẹ́ sọ pé òní nìkan ni. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n. Ó mọ bó ṣe máa sọ ọ́, ó mọ bó ṣe máa ń mí láti ẹnu kí imú má bàa dún, kí ohùn òun lè jáde bí ohùn ẹni tí nǹkan kan ò ṣe.

“Ó ti pẹ́, Bàbá,” ni ó wí, ó sì jẹ́ kí ẹkún náà dún.